Bátìrì sátẹ́láìtì: Kí ìjọba Áfíríkà béèrè iye ọdún tí yóò lò

Lọ́dún 2017, láti ibùdó òfurufú ISS ni wọ́n ti tú Nigeria EduSat-1 ti FUTA l'Ákùúrẹ́ àti GhanaSat-1 ti Koforidua sílẹ̀. Nítorí àwọn èèyàn ń gbé níbẹ̀, bátìrì tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ yege ìdánwò ààbò: wọ́n á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, wọ́n á gbé e síbi tí kò sí afẹ́fẹ́, wọ́n á wò ó bóyá ó jò. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀; bátìrì lithium kan tó gbiná lè ran èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ ìyẹn kò sọ ìgbà tí yóò gbó. Ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì tó sún mọ́ ayé ń yí i ká bí ìgbà 15 sí 16 lóòjọ́, wọ́n sì ń wọ òjìji rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà náà. Lọ́dún kan, bátìrì wọn lè gba iná ju ìgbà 5,000 lọ. Fóònù tí à ń ṣáàjì lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ yóò lo ohun tó ju ọdún 13 lọ kó tó débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa gòkè lọ pààrọ̀ ti sátẹ́láìtì.

Kí ìdánwò lè tètè parí, wọ́n máa ń fi ooru mú bátìrì gbó kíákíá. Èyí lè ṣini lọ́nà, torí pé gbígba iná nínú òtútù ń bà á jẹ́ lọ́nà mìíràn. Ìjọba tó bá fẹ́ ra sátẹ́láìtì gbọ́dọ̀ rí àbájáde ìdánwò méjèèjì kó tó buwọ́ lu ìwé àdéhùn.