Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dídán bó mọ́tò yín láwọ

Bí oòrùn bá ti mú, tó di bíi aago kan ọ̀sán, ẹ lọ dúró ní Akọ́dà, lójú ọ̀nà tó ti Gbọ̀ngán wọ Ẹdẹ, kẹ́ ẹ wá máa wo àwọn mọ́tò dúdú tó ń kọjá. Láàárọ̀, gbogbo wọn ló ń dán bí owó tuntun. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ọ̀sán bá ṣe bọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn báyìí, ìlà wẹ́wẹ́ lẹ máa rí, ìlà tó ń yí roboto, àfi bíi pé aláǹtakùn ló sun ibẹ̀ mọ́jú tó ń ta òwú. Swirl làwọn òyìnbó ń pè é. Lọ́dọ̀ tiwa, a kàn máa ń sọ pé ọ̀dà ẹ̀ ti ṣá ni. Ọ̀dà yẹn ò tíì ṣá o. Wọ́n ha á ni.

Nítorí ìlà yìí ni owó ṣe ń jáde lápò àwọn èèyàn lójoojúmọ́. Ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò fẹ́ kó dán, ẹni tó fẹ́ lọ síyàwó fẹ́ kó dán, ẹni tí kò tiẹ̀ lọ síbì kankan náà fẹ́ kó dán. Ìgò kún inú ṣọ́ọ̀bù, agolo kún orí tábìlì, ọmọkùnrin kan á sì ti nawọ́ sí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n bá yín rọ́ọ̀bù ẹ̀, ó máa dà bíi tuntun." Òótọ́ lọmọ yẹn ń sọ, ó máa dà bíi tuntun lóòótọ́. Ohun tí kò sọ fún yín ni ohun tó máa bá dídán yẹn lọ.

Ẹ má wulẹ̀ di ẹ̀bi ìlà náà ru oòrùn, oòrùn kàn ń tú àṣírí ni. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá, pàápàá láti ìhà orílẹ̀-èdè Chad, máa ń bà lé gbogbo nǹkan. Yanrìn kíkúná ló pọ̀ nínú ẹ̀, yanrìn yìí sì le ju ọ̀dà mọ́tò lọ dáadáa. Tí ọyẹ́ bá lọ, tí òjò dé, ẹrẹ̀ pupa àwọn àdúgbò tí wọn ò tíì ṣe títì sí á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bí eruku yìí bá jókòó jẹ́ẹ́ sórí mọ́tò, kò ní í ha á. Ọwọ́ èèyàn ló ń sọ ọ́ di sáńpépà. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń fọ mọ́tò níbi tí ẹ ti ń fọ tiyín. Fóòmù kan náà tí wọ́n fi fọ táyà tírélà ni wọ́n fi ń bọ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbọn ọ́n pẹ̀ẹ́ pẹ̀ẹ́, wọ́n tì í bọ inú garawa tí omi ẹ̀ ti pọ́n bí omi àmàlà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi yí roboto. Ibi tí ìlà roboto yẹn ti wá nìyẹn. Omo tí wọ́n dà sómi náà, aṣọ ni wọ́n ṣe é fún. Gbogbo wáàsì tó ń dáàbò bo ara mọ́tò ló máa bó dànù. Lẹ́yìn náà la óò wá máa wá ohun tó máa pa ìlà rẹ́. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ha gan-an. Ọ̀dà ara mọ́tò òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Lórí irin, wọ́n á kọ́kọ́ fi èyí tí kò ní í jẹ́ kó dípẹtà sí i, wọ́n á fi páráímà lé e, àwọ̀ tí à ń rí á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá da ọ̀kan tó mọ́ gaara bí omi bo gbogbo ẹ̀ lórí. Òun làwọn tó ń kun mọ́tò ń pè ní klíà. Òun ló ń dán, òun náà ló ń gba oòrùn kó má baà jẹ àwọ̀ tó wà lábẹ́. Gbogbo ẹ̀ lápapọ̀, bó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ jáde, sábà máa ń wà láàárín 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù, ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló sì wà nínú mílímítà kan. Ẹ mú bébà kan tí wọ́n fi ń tẹ lẹ́tà ní ọ́fíìsì, ẹ fi ìka méjì pa á. Bó ṣe nípọn mọ, tàbí kó fi díẹ̀ jù ú, ni gbogbo ọ̀dà tó wà lára mọ́tò yín ṣe nípọn mọ. Klíà nìkan ò ju bíi ìdajì bébà yẹn lọ. Kò sì sí ìgò kankan lọ́jà tó ń dá a padà.

Ibí yìí ni àwa àgbà ti máa ń ṣì í. Láyé ìgbà tí Píjò 504 ń ti Kàdúná jáde, tí mọ́tò ìjàpá náà ń jáde nílé iṣẹ́ Volkswagen l'Ékòó, ọdún 1975 sì làwọn ilé iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dà ìgbà yẹn ò ní klíà lórí. Àwọ̀ náà ló ń dán fúnra ẹ̀, ó sì nípọn. Tí Iléyá tàbí Kérésì bá ti ń bọ̀, bàbá á ra rọ́bìn, á fi àkísà nù ún títí apá á fi máa ro ó, àkísà á pupa bí mọ́tò bá pupa, mọ́tò á sì máa kọ mọ̀nà. Ojú bàbá rí ohun tó ń jẹ lára mọ́tò ẹ̀, ó mọ ìgbà tó yẹ kóun dáwọ́ dúró. Lónìí, àṣà yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wa, mọ́tò ló ti yí padà. Bí ẹ bá rọ́ọ̀bù mọ́tò tó ní klíà, àwọ̀ ò ní í yọ sára àkísà. Ẹ á rò pé kò sí nǹkan tó ń lọ. Ó ń lọ o, ẹ ò kàn rí i ni.

Olùkọ́ kan wà níhìn-ín l'Ẹdẹ tó ra Camry dúdú, tòkunbọ̀ ni. Owó kọ̀ọ́páréètì ló fi rà á, wọn ò sì tíì yọ ọ́ tán lórí owó oṣù ẹ̀ di bí mo ṣe ń wí yìí. Lọ́jọ́ tó gbé e dé, èèyàn lè fi ara ẹ̀ ṣe dígí. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìlà wẹ́wẹ́ yọ gbuurugbu. Ó gbà pé àwọn tó fọ̀ ọ́ ló ṣe é. Wọ́n lọ́wọ́ nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìlà yẹn ti wà níbẹ̀ nígbà tó ń kówó sílẹ̀. Pólíìṣì olóròóró ni ẹni tó tà á fún un fi dí i. Olùkọ́ wa gbé e lọ fáwọn ọmọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ, wọ́n rọ́ọ̀bù ẹ̀, ó dán. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìlà tún dé, wọ́n tún rọ́ọ̀bù ẹ̀. Ìgbà kẹta ni etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí sílẹ̀ tí páráímà yọ lábẹ́ ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé ọmọ wá le, tó fẹ́ tà á, oníbàárà fọwọ́ tọ́ etí yẹn báyìí, ó ní mọ́tò tó ti ní jàm̀bá ni, pé wọ́n ti tún un kùn rí. Ìbúra ò ràn án. Iye tí ọkùnrin náà gé kúrò nínú owó mọ́tò ju iye tí gbogbo rọ́ọ̀bù ẹ̀ẹ̀mẹta náà ná an lọ fíìfíì.

Ohun yòówù tí wọ́n bá kọ sára ìgò, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: ṣé ó ń họ ọ̀dà ni, àbí ó ń dí ìlà, àbí ó kàn ń bo ojú ẹ̀?

Èyí tó ń họ ni rọ́bìn. Lẹ́búlẹ́bú líle ló wà nínú ẹ̀. Kì í kún ìlà o, ìdí ìlà ló ń lépa. Ó máa họ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wálẹ̀ títí ojú á fi tẹ́jú. Òun nìkan ló ń pa ìlà rẹ́ ní tòótọ́, òun náà ló sì ń jẹ klíà. Líle wọn ò dọ́gba. Farécla G3 tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àwọn tó ń kun mọ́tò mọ̀ ọ́n dáadáa. Turtle Wax ti Amẹ́ríkà ní oríṣi méjì tí àwọn èèyàn máa ń ṣì mú fún ara wọn: èyí tí wọ́n kọ Rubbing Compound sí le, èyí tí wọ́n kọ Polishing Compound sí rọ̀. Meguiar's náà ní Ultimate Compound, tí wọ́n ṣe nítorí klíà. (Àwọn yẹn ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, ọdún 1901 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, pólíìṣì àga àti tábìlì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe.) Tó bá jẹ́ ìlà roboto lásán ni, èyí tó rọ̀ jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹ fi ṣe ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kẹ́ ẹ wò ó nínú oòrùn. Tó bá ṣiṣẹ́, kí lẹ tún ń wá lọ sídìí èyí tó le? Tí kò bá ṣiṣẹ́, ìgbà yẹn lẹ lè gòkè díẹ̀. Ọjà wa ò rí bẹ́ẹ̀, èyí tó le jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín, torí òun ló ń yára dán.

Èyí tó ń dí ni mo ń bínú sí jù, kì í ṣe torí pé ó burú, torí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ni. Òróró àti ọ̀rá ló wà nínú ẹ̀, ó máa kún inú ìlà bí ìpara ṣe ń dí ẹsẹ̀ tó ya. Tí ẹ bá ń lọ síbi ìnáwó lọ́la, ẹ rà á, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò, ẹ mú sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ẹ fi omi là á ní ìdajì, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ibi kékeré kan. Tí ìlà bá yọ níbẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì ń dán, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dúnàá dúrà. Ẹ má ṣe dán an wò lórí ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn o.

Wáàsì ló ń bo ojú ẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn, kanúbà, ara ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní Bràsílì ni wọ́n ti ń rí i. Kò pa ìlà rẹ́, àmọ́ ó ń jẹ́ kí omi máa yọ̀ kúrò lára mọ́tò, eruku náà ò sì ní í lẹ̀ tóyẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù méjì, oòrùn wa á ti jẹ ẹ́ tán, ẹ óò tún fi òmíràn.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ sórí ìlà kankan, ẹ fi èékánná rìn ín kọjá. Tí èékánná bá há, ìlà yẹn ti jìn kọjá klíà tàbí kó kù díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ìlà tó ń yí roboto kì í há èékánná.

Ẹ̀rọ wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Gíráńdà táwọn wẹ́dà fi ń gé irin làwọn kan ń so irun àgùntàn mọ́ lẹ́nu tí wọ́n ń pè ní ẹ̀rọ pólíìṣì. Gíráńdà kékeré ń yí ju ìgbà 10,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ pólíìṣì tòótọ́ kì í sábà ju 3,000 lọ, wọ́n sì lè dín in kù gan-an. Ooru gíráńdà yẹn á jó klíà kí ọmọ náà tó ṣẹ́jú, pàápàá létí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti létí ilẹ̀kùn, níbi tí ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù. Tí ẹ bá rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ wa mọ́tò yín lọ. Ọwọ́ lásán pẹ̀lú aṣọ rírọ̀, lábẹ́ ìbòòji, nígbà tí irin ti tutù, sàn jù ú lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, ó kàn máa rẹ apá ni.

Àwọn tó ń fi ọṣẹ ìfọyín ṣe é, ìyẹn ń họ díẹ̀, ó lè ṣe ìlà kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn, kì í ṣe odindi mọ́tò. Kẹrosíìnì kàn ń fi òróró dán an fún wákàtí díẹ̀ ni, eruku á sì wá lẹ̀ mọ́ ọn bí oyin. Omi bíréèkì ò gbọdọ̀ kan ọ̀dà rárá, ńṣe ló máa ń ká a nílẹ̀.

Tí ẹ bá ti pa ìlà rẹ́ tán, garawa méjì ni kẹ́ ẹ máa gbé lọ sídìí mọ́tò, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán tẹ́ ẹ óò máa fi ṣan fóòmù kẹ́ ẹ tó tún tì í bọ ọṣẹ. Ẹ kọ́kọ́ da omi púpọ̀ lé e kí eruku ṣàn lọ kí ọwọ́ yín tó kàn án. Òkè ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi ìsàlẹ̀ ṣe ìkẹyìn. Fóòmù táyà yàtọ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ọmọ tó ń fọ̀ ọ́ fún yín lè rojú, ẹ fi nǹkan díẹ̀ kún owó ẹ̀, á dẹ̀rín.

Ẹni tí klíà tiẹ̀ ti ń bó bí awọ ejò lórí ààjà tàbí lórí búùtù, kó má ra ìgò kankan mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń kun mọ́tò ni kó máa lọ. Kó sì sọ fún un tó bá ti lo pólíìṣì tó ní sílíkóònù lára ẹ̀ rí, kí wọ́n lè fọ̀ ọ́ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀dà tuntun á máa sá sẹ́yìn, á sì máa lu ihò wẹ́wẹ́ bí ojú ẹja. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kùn ún tán, omi àti ọṣẹ jẹ́jẹ́ nìkan ni kó fi máa fọ̀ ọ́ fún oṣù kan sí méjì, kí ọ̀dà náà lè mí jáde kó sì gbẹ dénú, kí wáàsì tó kàn án.