Àkàbà ní Kíláàsì Ìṣirò

Láti Aláúsá ni òfin tí ó sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé Èkó ti jáde. Gómìnà Ambọ̀dé fọwọ́ sí i ní 2018. Èrò wa ni pé kò yẹ kí Yorùbá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì ìṣirò. Akẹ́kọ̀ọ́ a há iye sáìnì sórí bí oríkì, síbẹ̀ a kọ ti 60° sí ipò ti 30° nínú ìdánwò.

Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tọ́ka sí àwọn tí ń kun ògiri ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Àkàbà mítà 2 fara ti ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà 1: igun rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀ jẹ́ 60°. Fi gígùn àkàbà pín ìjìnnà ẹsẹ̀, o rí kósáìnì: ìdajì. Fi pín gíga tí orí rẹ̀ dé, o rí sáìnì: nǹkan bí 0.87. Fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn títí igun yóò fi di 30°, orí yóò wálẹ̀ sí mítà 1. Ìdajì di ti sáìnì, 0.87 di ti kósáìnì. (Kò sí akunlé tí yóò gun irú àkàbà bẹ́ẹ̀!) Ní 45°, méjèèjì dọ́gba.

Olùkọ́ tí kò ní àkàbà, kí ó fi rúlà sẹ̀ǹtímítà 30 ti ògiri, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 15.