Ẹ Wọn Ẹrù Tó Wà Lórí Àwọn Nọ́ọ̀sì

Sí ẹ̀yin Ọlọ́lá tí ẹ ń ṣàkóso ètò ìlera ní Abuja,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lábẹ́ òjìji òkè Aso, àpáta rìbìtì tí òjò ń pa láti ìṣẹ̀dálẹ̀ tí kò yẹ̀ lẹ́sẹ̀. Bí mo sì ti ń kí yín ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ mi sí àrífín, nítorí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá, ẹ̀tẹ̀ tí mo sì rí lára àwọn ilé ìwòsàn wa ni pé a ń ka bẹ́ẹ̀dì, a ń ka aláìsàn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń ṣe lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan, a kì í sábà wọ̀n ọ́n.

Ẹ wo ìwé tí wọ́n fi ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ní wọ́ọ̀dù nígbà tí àwọn tòwúrọ̀ bá fẹ́ lọ tí àwọn tọ̀sán sì wọlé: iye aláìsàn tó wà nílẹ̀, iye tó wọlé, iye tó lọ sílé, iye tó kú. Nínú ìṣirò yìí, ọkùnrin tí ó ń dúró de iṣẹ́ abẹ ìpá, tí ó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wẹ̀, tí ó sì ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣàwàdà, ẹyọ kan ni; ìyá arúgbó tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì kejì, ẹyọ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ìyá yìí ni a gbọ́dọ̀ yí padà ní wákàtí méjì méjì kí ìdùbúlẹ̀ má baà dá egbò sí i ní ìdí. Òun ni a ń fún ní oúnjẹ olómi láti inú rọ́bà tí a ti imú tì bọ ikùn rẹ̀, tí a sì ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé rọ́bà náà kò ṣìnà lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí dókítà bá sì ní kí a fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ yẹ orúkọ àti irú ẹ̀jẹ̀ wò pẹ̀lú ẹnì kejì, kí ó wọn ìfúnpá àti ìgbóná ara rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kán, kí ó sì wà nítòsí rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́, nítorí ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ tí kò bá ara mu sábà máa ń fi ara hàn. Ta ni yóò dá àwọn yòókù lóhùn ní ìṣẹ́jú 15 náà? Ìka kò dọ́gba, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ tó ń ti ọmọlanke ní ọjà Wuse pàápàá kì í dárúkọ owó kí ó tó gbé ẹrù wò.

Èyí tí ìwé kò kọ rárá tún pọ̀ ju èyí lọ: nọ́ọ̀sì tó ń wá ẹbí aláìsàn kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n lè lọ ra ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ wá, nọ́ọ̀sì tó ń fi iná fóònù ara rẹ̀ wá iṣan nígbà tí iná bá lọ. Kí a sì má gbàgbé ọmọbìnrin tó tẹ́ ẹní sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń wẹ ìyá rẹ̀, tó ń da ìtọ̀ rẹ̀ nù, tó ń ṣọ́ omi tó ń kán; iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọmọ yìí ń ṣe, láìgbowó, láìkẹ́kọ̀ọ́, òun gan-an ni kò sì jẹ́ kí ìhòòhò wa hàn síta.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àánú àwọn aláṣọ funfun nìkan ló ń ṣe mí, kí ó wo ìwádìí tí Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ilé ìwòsàn 168 wò ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà: aláìsàn kan ṣoṣo tí a bá fi kún ẹrù nọ́ọ̀sì, ewu pé ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún yóò kú láàárín 30 ọjọ́ a máa fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lé sí i. Ibi tí ẹbí kì í ti í ra ìbọ̀wọ́ ni wọ́n ti rí èyí o.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, nígbà tí àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ fún òkè òkun gbọ́dọ̀ ti fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ó gba ìwé àṣẹ, àwọn nọ́ọ̀sì tú síta lọ fẹ̀hónú hàn ní ọ́fíìsì àjọ náà níhìn-ín ní Abuja. Àwa tí a yára wá ìdènà sí ẹnu ọ̀nà kò tíì wọn ohun tó lé wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje, wọ́n sì dá a dúró ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ lẹ́yìn tí àwọn àti ìjọba tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí a gba nọ́ọ̀sì púpọ̀ sí i. Ó dára. Mélòó? Sí wọ́ọ̀dù wo? Fún ọ̀sán ni tàbí fún òru? Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Níbi tí kò bá sí òṣùwọ̀n, ọ̀gá tó bá mọ ẹni ní ọ́fíìsì ni yóò rí nọ́ọ̀sì gbà, kì í ṣe wọ́ọ̀dù tí ẹrù rẹ̀ wúwo jù.

Òṣùwọ̀n náà kò sì sọnù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbé ọ̀kan jáde láti ọdún 1998, wọ́n sì tún un ṣe ní 2010, èyí tí wọ́n ń pè ní WISN: a ó ka wákàtí tí òṣìṣẹ́ kan ní lọ́dún lẹ́yìn tí a bá ti yọ ìsinmi, àìsàn àti ẹ̀kọ́ kúrò, a ó wo àkókò tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà bí a bá ṣe é bó ti yẹ, a ó wá mọ iye ènìyàn tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Èmi kò sọ pé ó pé, nítorí ìṣirò ọlọ́dún kì í rí òru kan ṣoṣo tí gbogbo nǹkan dàrú. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí nọ́ọ̀sì àgbà máa pín àwọn aláìsàn sí ìpele ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, bí ìtọ́jú tí wọ́n ń fẹ́ bá ti pọ̀ tó, kí ó sì máa kọ iṣẹ́ tí ọwọ́ kò ká sílẹ̀, láìbẹ̀rù pé wọn yóò fún un ní kúẹ́rì.

Ẹ mú wọ́ọ̀dù kan ní ilé ìwòsàn ìjọba kọ̀ọ̀kan ní Abuja, ẹ wọn iṣẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní òru fún oṣù kan, kí ẹ sì tẹ èsì rẹ̀ jáde fún aráàlú kí ẹ tó gbé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin.