Ọdẹ Tí Wọ́n Tàn Jẹ

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò màmá mi, tí a jọ ń gbé ní Apẹtẹ, pè mí wọ yàrá. Ó mú ọwọ́ mi lé ọyàn rẹ̀ òsì. Kókó kan wà níbẹ̀, ó le bí ekùrọ́. Oṣù mẹ́rin ni ó ti ń fi í pa mọ́. Kí n tó lanu, ó ti na fóònù sí mi: ẹnì kan fi fídíò ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, wọ́n ń polówó àgbo tí yóò fún ara lágbára kí ara lè fúnra rẹ̀ pa jẹjẹrẹ.

“Wọ́n ní àwọn òyìnbó náà ń fi ọ̀nà yẹn wò ó. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa?”

Mo ní, “Àǹtí, apá kan rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Ní àdúgbò wa, bí ilẹ̀ bá ti ṣú tán, ọdẹ a ti géètì. Ẹni tí ó bá mọ̀ a wọlé. Àjèjì a dúró síta. Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, sẹ́ẹ̀lì T ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé tí ó di olè ni jẹjẹrẹ. Inú sẹ́ẹ̀lì tiwa ni ó ti yọ, ó sì mọ àmì tí a fi ń han ọdẹ. Bí ó bá ti fi í hàn, ọdẹ a sọ kùmọ̀ sílẹ̀.

Ní 1992, Tasuku Honjo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan ṣàwárí PD-1, ojú tí ọdẹ fi ń rí àmì náà. James Allison ní Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ lórí irú ìjánu mìíràn, CTLA-4. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Oògùn imúnòtẹ́rápì yìí kì í ṣe aró-ara-lágbára bí àgbo. Ńṣe ni ó ń dínà àmì ẹ̀tàn náà, kí ọdẹ lè mọ olè ní olè. Ó wà lára ìtọ́jú tí Jimmy Carter gbà ní 2015 nígbà tí jẹjẹrẹ awọ ara ti dé ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni ó pé kó tó kú ní 2024.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo jẹjẹrẹ ni ó ń gbọ́ tirẹ̀. Owó rẹ̀ wọ́n. Nígbà mìíràn ọdẹ a ṣìnà, a kọlu ìfun, ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró onílé. Láti 2020, Amẹ́ríkà ti fàyè gba ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, pẹ̀lú kẹmotẹ́rápì, fún irú jẹjẹrẹ ọyàn líle kan tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn obìnrin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ju àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ irú èyí tí ó wà lára ẹni, bí kò ṣe pé wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò?

Àǹtí mi dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọ̀la, aago mélòó ni a ó jáde?”

Ní ọjọ́ Ajé, dókítà gé díẹ̀ nínú kókó náà. A ṣì ń retí èsì. Ẹ̀rù ń bà wá, ṣùgbọ́n a kò fi í pa mọ́ mọ́. Ẹ bi àwọn ìyá yín, àwọn ẹ̀gbọ́n yín, àwọn àbúrò yín lóbìnrin léèrè lónìí: ǹjẹ́ kókó kan wà tí wọ́n ń dá gbé?