Ọmọ Ọjà Kì í Ṣe Olódo

Bí a bá dárúkọ Alaba Rago ní Ọ̀jọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Èkó máa ń rò kò ju ariwo, ìdọ̀tí àti ọmọ tí ọjà ti bà jẹ́ lọ. Èdè Hausa ni ó fún ọjà náà lórúkọ. Àgbò ni wọ́n ń pè ní rago. Ọmọ tí ó dàgbà láàárín àgbò, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà níbẹ̀ ń gbọ́ Hausa lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó ń fi Yorùbá nájà, ó sì ń fi Píjìn bá ọmọ Ìgbò ṣeré. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti dá oníbàárà tí yóò rà mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó kàn ń nájà lásán. Ẹ wá mú un wọ kíláàsì, kí ẹ fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìṣirò sí ojú pátákó. Bí kò bá lè fèsì, olùkọ́ á ní olódo ni.

Mo tako ìdájọ́ yìí pátápátá. Ní ọdún 1985, Terezinha Carraher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì gbé ìwádìí kan jáde láti Recife ní Bràsíl. Ọmọ márùn-ún tí ń bá òbí wọn tajà ni wọ́n yẹ̀ wò. Nídìí ọjà, bí a bá pín in sí ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí 98 ni wọ́n gbà. Nígbà tí irú ìṣirò kan náà di nọ́ńbà lásán, ó já wálẹ̀ sí nǹkan bí 37. Orí kan náà ni o! Ọmọ márùn-ún kéré, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gba ṣéńjì lọ́wọ́ ọmọ alálùbọ́sà rí kò ní jiyàn.

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 sì ti fi ti èdè hàn wá: àwọn ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

N kò sọ pé kí ọmọ máa ta ẹ̀wà ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀. Òfin ọdún 2004 ti sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án di dandan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ìwé tí ó gba ọmọ wọlé, tí ó ti èdè àti ìṣirò rẹ̀ mọ́ ìta, ààbọ̀ ọmọ ni ó gbà. Ọmọ tí a bá sì ń pè ní olódo láti kékeré yóò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni òun rí. Kò ní nawọ́ sókè mọ́, ìbáà tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kí olùkọ́ fi kóńgò ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ ìsọdipúpọ̀, kí ẹnìkan tí ó gbọ́ Hausa sì wà ní kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀. A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Inú ọjà náà kún fún wọn.