Ẹgbẹ́ Tí Kò Ní Ọmọ Ẹgbẹ́

Bí àjèjì bá wọ ilẹ̀ Yorùbá lónìí, tí ó sì béèrè ohun tí à ń pè ní ẹgbẹ́, ọmọdé pàápàá lè dá a lóhùn. Ẹgbẹ́ ni àwọn ènìyàn tí wọ́n jọ ń dá owó, tí wọ́n jọ ń ṣe ìpàdé, tí wọ́n jọ ń dá aṣọ, tí wọ́n sì ń dìde fún ara wọn lọ́jọ́ ìnáwó àti lọ́jọ́ òfò. Ẹgbẹ́ a máa ní akọ̀wé, a máa ní akápò, a sì máa ní ìwé tí a kọ orúkọ ẹni tí ó san owó oṣù àti ẹni tí ó jẹ gbèsè sí. Ẹni tí kò dá owó, tí kò wá sí ìpàdé, a kì í pè é ní ọmọ ẹgbẹ́. Èrò ìwòran ni.

Ẹ wá wo ohun kan tí àwa náà ń pè ní ẹgbẹ́: ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni ọmọ ẹgbẹ́ yìí? Èló ni owó oṣù rẹ̀? Ọjọ́ wo ni ìpàdé rẹ̀? Àwọn mọ́kànlá tí wọ́n ń sáré lórí pápá kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tí a pè wá ṣiṣẹ́ ni wọ́n. Àwa tí à ń pariwo létí pápá kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ẹnu nìkan ni a ní níbẹ̀. Ó ku ẹnì kan ṣoṣo, yálà olówó tàbí ìjọba, tí ó ni aṣọ, tí ó ni bọ́ọ̀lù, tí ó ni ìwé ìforúkọsílẹ̀, tí ó sì ni orúkọ ìlú wa tí a lẹ̀ mọ́ àyà àwọn ọmọ náà. Ẹnì kan ṣoṣo kò sì lè jẹ́ ẹgbẹ́. Àṣìlò ọ̀rọ̀ ni, ó sì ti pa wá lára ju bí a ti rò lọ.

Ọmọdé ni mí ní ọdún 1976 nígbà tí Shooting Stars ti Ìbàdàn borí Tonnerre ti Yaoundé ní àròpọ̀ ayò mẹ́rin sí méjì, tí ó sì di ẹgbẹ́ kìíní láti Nàìjíríà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Èyí tí mo rántí jù ni pé gbogbo àgbàlagbà àdúgbò wa ń sọ pé, “A ti gbà á.” A! Ta ni “a” náà? Ẹ jẹ́ kí a ka orúkọ tí ẹgbẹ́ yìí ti jẹ́. WNDC ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ó di WSDC, ó di IICC, kí ó tó wá di 3SC. Ìbàdàn kò sí nínú ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba ni mẹ́ta àkọ́kọ́: bí ìjọba bá ti pààrọ̀ orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹgbẹ́ “wa” a pààrọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó ni ẹrú ni ó ni ẹrù.

N kò sọ pé ìjọba kò ṣe ohun tí ó dára. Ife ọdún 1976 kò ṣeé gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni ti ọdún 1992, nígbà tí ẹgbẹ́ kan náà tún gba ife CAF lọ́wọ́ Nakivubo Villa ti Uganda. Ohun tí mo ń sọ ni pé a gba ife náà ní ilé onílé.

Àwọn olówó àti iléeṣẹ́ aládàáni kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún mẹ́rin léra, láti 1984 dé 1987, ilẹ̀ Yorùbá ni Challenge Cup ń sùn: Leventis United ti Ìbàdàn gbà á ní 1984 àti 1986, Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gbà á ní 1985 àti 1987. Níbo ni wọ́n wà báyìí? Iléeṣẹ́ Leventis pinnu pé òun kò ṣe mọ́, ẹgbẹ́ náà sì tú ká ní 1987, ọdún kan péré lẹ́yìn tí ó gba ife àti líìgì pọ̀. Ti Abẹ́òkúta náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Stationery Stores ti Èkó, tí olóògbé Israel Adébájọ dá sílẹ̀, lágbára ju wọn lọ nítorí pé àwọn ará Èkó fẹ́ràn rẹ̀ dé egungun. Ó gba líìgì ní 1992, ọdún mẹ́tàlélógún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tí ó ni ín, ìfẹ́ àwọn ará Èkó kò ní ẹnu nínú ẹjọ́ náà. Wọn kò sí nínú ìwé kankan. Ogún ni ẹgbẹ́, bí ilé àti ọkọ̀ ṣe jẹ́ ogún, èrò ìwòran kì í sì í pín nínú ogún.

Àwọn ẹgbẹ́ ńlá nìyẹn, tí ìwé ìròyìn ń kọ nípa wọn. Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ni jù lọ ni ìsàlẹ̀, nínú líìgì ìpínlẹ̀ àti Nationwide League One, níbi tí àwọn ọmọ tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́, láìsí owó oṣù. Àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi a máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbàgbé pé ọdún 1990 ni Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá líìgì akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú àwọn tí wọ́n gba ife ọdún 1976. Sẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tí gbogbo ayé mọ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, Múdà Lawal sì ti ṣe mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dé ibi tí ó dé. Láti inú irú pápá eléruku bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti wá.

Mo lọ wo irú ìdíje bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ. Ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin, ṣùgbọ́n rẹfirí jókòó sábẹ́ igi títí di agogo márùn-ún nítorí pé kò tíì rí owó rẹ̀ gbà. Agbábọ́ọ̀lù méjì ń yá ara wọn ní bàtà. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà gba bọ́ọ̀lù ní àárín pápá, ó yí ẹnì kan ká, ó sì ta á láti òkèèrè wọ inú àwọ̀n. Ọdún pípẹ́ ni mo ti ń wo bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì lórí tẹlifíṣọ̀n, n kò sì rí púpọ̀ tí ó dára ju ìyẹn lọ. Àwa tí a rí i kò pé igba. Lẹ́yìn eré, ọkùnrin kan gbé àpò ìrẹsì òfìfo wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba aṣọ lára àwọn ọmọ náà, ó ń kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bi í ní ìdí rẹ̀. Ó ní, “Ti ọ̀gá ni, sà.” Kí ọdún tó yí po, ọ̀gá ti ta àyè rẹ̀ nínú líìgì fún ọ̀gá mìíràn, orúkọ ìlú tí ó wà láyà aṣọ sì ti yí padà. Ẹnikẹ́ni kò bi ìlú náà léèrè. Ẹnikẹ́ni kò bi ọmọ wẹ́dà náà léèrè. Bóyá wọ́n tà á mọ́ aṣọ, n kò mọ̀.

Wọ́n á ní, “Kí ìjọba ṣe é.” A ti wí ìyẹn tán. Wọ́n á ní, “Remo Stars ńkọ́?” Mo kí ẹgbẹ́ náà tọkàntọkàn. Ní ọdún 2025 ó gba líìgì Nàìjíríà wá sí Ìkẹ́nnẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ láti ilẹ̀ Yorùbá yóò gbà á láti ìgbà tí Julius Berger ti Èkó ti gbà á ní ọdún 2000. Owó àti ọgbọ́n ọkùnrin kan ni ó gbé e dé ibẹ̀, ó sì ṣe é dáradára ju ìjọba lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wá Julius Berger yẹn nínú líìgì òní. Ìbéèrè mi fún ará Rẹ́mọ kúrú: lọ́jọ́ tí ó bá rẹ olówó, kí ni ó wà lọ́wọ́ yín?

Èyí tí ó máa ń mú inú bí mi ni ti àwọn tí wọ́n ń sọ pé Yorùbá kò lè fi owó ara wọn gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ró. Ta ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ girama Iléṣà sílẹ̀ ní 1934? Ẹgbẹ́ Àtúnlúṣe ni, àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n dá owó jọ lábẹ́ ìjọba òyìnbó. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú Ọ̀fà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1943. Lónìí, ẹ lọ sí Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ bí wọ́n ti ń jó wọlé pẹ̀lú aṣọ àti ẹṣin. Kò sí gómìnà tí ó ra aṣọ yẹn fún wọn. A ní ọgbọ́n ẹgbẹ́ ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ, a kàn kọ̀ láti gbé e dé orí pápá bọ́ọ̀lù ni.

Àwọn tí wọ́n ti gbé e débẹ̀ wà. Nílùú London, ní ọdún 2002, wọ́n gbà kí àwọn tí wọ́n ni ẹgbẹ́ Wimbledon gbé e lọ sí Milton Keynes, ìlú tí ó jìnnà, tí kò sì kàn án. Àwọn èrò ìwòran kọ̀. Wọ́n dá owó, wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n ké sí ẹnikẹ́ni tí ó bá lè gbá bọ́ọ̀lù pé kí ó wá dán ara rẹ̀ wò lórí pápá gbangba àdúgbò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti inú líìgì ẹkùn kékeré kan tí kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa. Ní 2011 wọ́n ti gun àkàbà náà dé inú líìgì àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ní Wembley, nígbà tí wọ́n tún ń du ipò tí ó ga sí i, ta ni ó gbá pẹnáltì tí ó fi òǹtẹ̀ lu ìṣẹ́gun wọn? Adébáyọ̀ Akínfẹ́nwá ni. Ọmọ wa lọ bá ẹgbẹ́ tí ó ní ọmọ ẹgbẹ́ ní òkè òkun, ó sì jẹ orúkọ wa níbẹ̀.

“Wọ́n lówó jù wá lọ.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ wa ń sanwó wọ gbọ̀ngàn ìwòran bọ́ọ̀lù, wọ́n ń lù ara wọn nítorí Arsenal àti Chelsea tí kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn nínú ìlú kan bá ń dá ₦500 lóṣù, ₦6,000,000 ni lọ́dún. Kò lè san owó oṣù ẹnikẹ́ni, a kò sì ní kí ó san án. Bàtà, bọ́ọ̀lù, owó ọkọ̀ àti owó rẹfirí ni à ń wí. Ní tèmi, kí àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ orúkọ ìlú nínú líìgì rẹ̀, àyàfi bí ó bá lè mú ìwé wá tí orúkọ igba ọmọ ẹgbẹ́ tí ó san owó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá nìkan ní ẹgbẹ́, kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè é.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Àgbà kan bi mí bóyá iṣẹ́ ti tán ní yunifásítì. A rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ “ọ̀rọ̀ mìíràn”, níbi tí wọ́n máa ń kọ ohun tí wọn kò fẹ́ sọ sí. Mo ti fi ₦6,000 tèmi lé akápò lọ́wọ́, ti ọdún kan gbáko. Ó ní òun kò mọ ojú ewé tí òun yóò kọ ọ́ sí. Mo ní kí ó ṣí tuntun.