Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọdé Fojú Rí Ìlọ́po Kó Tó Kọ́ Ọ Sórí

Àǹtí mi ń ta ẹyin ní Ilé-Ogbó. Nígbà tí mo lọ kí wọn, ọmọ wọn, ọmọ ọdún méje, ń ké times table bí ẹni ń kọrin. Ó ké ti márùn-ún dópin, kò ṣì í rárá. Mo bá gbé kíréètì ẹyin kan síwájú ẹ̀: "Ẹyin mélòó nìyí?" Ó na ìka, ó ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta... Ó dé mẹ́tàdínlógún, ó ṣì í, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ké 5 × 6 = 30 tán o!

Mi ò ní kọ́mọ má kọ́ ọ sórí. Pàṣán ló kọ́ èmi náà, mo sì ń lò ó dòní nínú fisíìsì tí mò ń kà. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú ló yẹ kó kọ́kọ́ rí i.

Kíréètì ẹyin ní ìlà márùn-ún, mẹ́fà mẹ́fà. A kà á ní ìlà-ìlà: mẹ́fà, méjìlá, méjìdínlógún, mẹ́rìnlélógún, ọgbọ̀n. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó di ìlà mẹ́fà, márùn-ún márùn-ún. Mo ní, "Ṣé ẹyin ti pọ̀ sí i?" Ó wò mí bíi pé orí mi ò pé. "Ẹyin yẹn náà ni!" Òfin ìṣirò ló fẹnu ara ẹ̀ sọ yẹn: 5 × 6 àti 6 × 5, ọ̀kan náà ni. Ìyẹn nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ohun tí ọmọ máa há sórí kù sí ìdajì.

7 × 8 tó máa ń dààmú gbogbo wa ńkọ́? Ẹ to òkúta wẹ́wẹ́ sí ìlà méje, mẹ́jọ mẹ́jọ. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan pààlà lẹ́yìn ìlà karùn-ún. Apá kan jẹ́ 40, èkejì jẹ́ 16. Ó di 56.

Kò sóhun àjèjì níbẹ̀. Ọpọ́n ayò ní ojúlé mẹ́fà níhà ibí, mẹ́fà níhà ọ̀hún, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin: 48. Kódà orúkọ òǹkà wa, ìlọ́po ni. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin. Ọmọ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ké e ò lè gbọ́ ìyẹn. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Títí di báyìí, ọ̀pọ̀ wa ṣì rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìṣirò ń sọ.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, oníbàárà kan ra ẹyin méjìlá nínú kíréètì wa. Kí àǹtí mi tó na ọwọ́ sí fóònù, ọmọ náà ti wo ìlà tó kù. "Méjìdínlógún ló kù, Mọ́mì."